Ọ̀rọ̀ Ti Parí: Ìtàn Àdó Olóró Núkílíà ní Gúúsù Áfíríkà

Ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Pretoria, oko kan wà tí ń jẹ́ Pelindaba. Inú èdè Zulu àti àwọn èdè tí ó bá a tan ni orúkọ náà ti wá. Pelile ni pé nǹkan ti parí. Indaba ni ọ̀rọ̀, tàbí ìpàdé tí a ti ń jíròrò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ti parí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a sílẹ̀ mọ́. Orúkọ yìí ti wà kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Valindaba ni wọ́n sọ ọ́: ẹ pa ọ̀rọ̀ náà dé. Èdè àwọn ènìyàn tí wọn kò gbà láàyè láti dìbò ni wọ́n yá lò, wọ́n fi sọ orúkọ ilé tí wọn kò fẹ́ kí àwọn onítọ̀hún mọ ohun tí ń lọ nínú rẹ̀.

Wúrà ni ó bí ọ̀ràn náà. Yùréníọ́mù wà pọ̀ mọ́ wúrà nínú òkúta Witwatersrand, láti ọdún 1952 ni wọ́n sì ti ń tà á fún Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Amẹ́ríkà náà ni ó fún wọn ní SAFARI-1, ẹ̀rọ ìwádìí átọ́míìkì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Pelindaba ní 1965. Àmọ́ yùréníọ́mù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà kò lè di àdó olóró. Nínú ìwọ̀n 1,000, nǹkan bí 7 péré ni irú èyí tí ó wúlò fún un. Iṣẹ́ Valindaba ni láti ṣa èyí jọ. Wọ́n sọ yùréníọ́mù di afẹ́fẹ́, wọ́n fi í sínú ọ̀pá, wọ́n mú kí ó máa yí bí ìjì, kí èyí tí ó wúwo lè yà kúrò lára èyí tí ó fúyẹ́. Ní 1970, Olórí Ìjọba Vorster kéde rẹ̀ ní ilé aṣòfin pé iṣẹ́ àlàáfíà ni.

Wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, wọ́n ń tu itọ́ funfun jáde. Ní 1974 tí ìjọba ilẹ̀ Potogí ṣubú, tí Àǹgólà àti Mòsáḿbíìkì sì ń lọ sí òmìnira, Vorster fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣe é. Wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn sí aṣálẹ̀ Kalahari, níbi tí wọ́n ń pè ní Vastrap. Ní oṣù kẹjọ 1977, Sófíẹ́ẹ̀tì rí i láti ojú sátẹ́láìtì, ó sì ta Amẹ́ríkà lólobó. Ariwo sọ, wọ́n sì dí kòtò náà. Yùréníọ́mù tí ó lè bú kò tilẹ̀ tíì tó wọn lọ́wọ́ nígbà náà.

Láti 1979 ni ilé iṣẹ́ ohun ìjà Armscor ti gba iṣẹ́ náà. Mẹ́fà ni wọ́n parí, ìkeje wà lọ́wọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí kílò 55 yùréníọ́mù, wọn a sì yin apá kan lu apá kejì bí ọta ìbọn. Ète P. W. Botha kì í ṣe láti jù wọ́n. Bí ogun Àǹgólà bá le jù, wọn yóò yọ́ ọ̀rọ̀ náà sọ fún Amẹ́ríkà, kí ẹ̀rù lè mú un wá gbà wọ́n. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ísírẹ́lì, wọ́n tún ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje 1989 ni wọ́n yin ọ̀kan ní Overberg, létí òkun.

Àwọn aládùúgbò kò sùn. Nàìjíríà ti lé aṣojú ilẹ̀ Faransé lọ ní 1961 nítorí àdó olóró tí wọ́n ń dán wò ní Sàhárà. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, láàrin 1985 sí 1987, ó sọ ọ́ ní gbangba pé ó yẹ kí àwọn aláwọ̀ dúdú ní tiwọn.

F. W. de Klerk gorí oyè ní 1989. Ní oṣù kejì 1990 wọ́n ti Valindaba pa. Wọ́n tú àwọn àdó náà palẹ̀, orílẹ̀-èdè náà sì wọ inú àdéhùn àgbáyé tí ó lòdì sí títan ohun ìjà bẹ́ẹ̀ kálẹ̀ ní oṣù keje 1991. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta 1993 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ilé aṣòfin pé ohun kan bẹ́ẹ̀ ti wà rí. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun Kúbà ti ń kúrò ní Àǹgólà, Nàmíbíà ti gba òmìnira, Sófíẹ́ẹ̀tì kò sì dẹ́rù bani mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oṣù kejì 1990 yẹn kan náà ni wọ́n dá Mandela sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ ọwọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ilé ń lọ. Ṣé àlàáfíà ni wọ́n ń wá, àbí wọn kò fẹ́ kí àrólé aláwọ̀ dúdú bá a nínú ilé? Ìwé ni ìbá dá wa lóhùn, ṣùgbọ́n kí de Klerk tó la ẹnu, wọ́n ti run púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà. Ó ṣòro láti yin ẹni tí ó sọ ohun ìjà nù, tí ó tún sọ ẹ̀rí nù mọ́ ọn.

Àwọn àrólé náà kò béèrè fún un. Ní 1995, Gúúsù Áfíríkà gbàlejò ìpàdé tí wọ́n ti parí kíkọ àdéhùn tí yóò mú ohun ìjà núkílíà kúrò ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Olúyẹmí Adéníji, aṣojú Nàìjíríà, ni alága àwọn amòye tí wọ́n kọ ọ́. Ní Káírò ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní 1996, ó sì di òfin ní 2009. Àdéhùn Pelindaba ni wọ́n sọ ọ́.

Yùréníọ́mù inú àwọn àdó náà kò jáde nílùú. Pelindaba ni wọ́n kó o pa mọ́ sí, lábẹ́ ìṣọ́ àjọ àgbáyé tí ń bójú tó agbára átọ́míìkì. Ní òru kan ní oṣù kọkànlá 2007, àwọn ọkùnrin tí wọ́n dìhámọ́ra gba inú ọgbà tí wọ́n fi iná mànàmáná yí ká wọlé. Wọ́n dé yàrá tí wọ́n ti ń darí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, wọ́n yìnbọn lu òṣìṣẹ́ kan láyà, wọ́n sì gba ibi tí wọ́n gbà wọlé sá lọ.