Igbó tí a lé ènìyàn kúrò nínú rẹ̀: ìtàn ẹranko tí òfin ń ṣọ́, láti Ọ̀yọ́-Ilé dé Kainji



Orí ìjálá ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́rin jókòó ní yàrá kan ní Fate, a ń múra ìdánwò lítíréṣọ̀ alohùn. A ń ka oríkì ẹranko lọ ní kọ̀ọ̀kan: erin, ẹfọ̀n, kìnnìún, ẹkùn, ìgalà. Bí a ṣe ń kà á lọ, ọ̀kan nínú wa béèrè pé, "Ta ló ti fojú ara rẹ̀ rí ẹfọ̀n rí nínú wa?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Kìnnìún ńkọ́? Ẹnì kan ní òun ti rí i nínú ọgbà ẹranko, nínú àgò irin, ó sì ń sùn. Gbogbo wa mọ oríkì wọn lórí, ṣùgbọ́n ẹranko fúnra wọn ti di àlejò sí wa.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé ibi tí kìnnìún inú igbó ṣì kù sí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò tó nǹkan mọ́, ọ̀kan nínú wọn sì wọ inú Ìpínlẹ̀ Kwara tí a wà yìí. Òfin ń dáàbò bò wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ló dé tí wọ́n fi ń dínkù? A tọ ipasẹ̀ ìtàn lọ láti wá ìdáhùn. Ohun tí a rí ni pé ní agbègbè tiwa yìí, ohun kan náà ni wọ́n máa ń ṣe láti tọ́jú igbó: wọ́n á lé ènìyàn kúrò níbẹ̀, wọ́n á sì rò pé iṣẹ́ ti parí.

Igbó tí ogun dá sílẹ̀

Ọ̀yọ́-Ilé ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la kọ́ nípa Ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ ní kíláàsì. Ní nǹkan bí ọdún 1835, Aláàfin Olúewu àti àwọn ará Borgu tó wá ràn án lọ́wọ́ gbógun ti Ìlọrin. Ìlọrin ṣẹ́gun wọn, Olúewu àti Ẹlẹ́dùwẹ̀, ọba Nikki, sì bá ogun náà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó kù ní Ọ̀yọ́-Ilé kó ẹrù wọn, wọ́n sá lọ sí gúúsù. Àtìbà tó jọba lẹ́yìn Olúewu fi Àgọ́-Ọjà ṣe olú-ìlú, ibẹ̀ ni à ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí.

Àwọn òpìtàn sábà máa ń fi ìtàn náà tì síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀? Ilé wó, koríko bo ọjà, igi hù sí àárín odi ìlú. Ẹranko bọ́ sí ibi tí ènìyàn ti kúrò. Nígbà tí ìjọba amúnisìn dé, ahoro náà ti di igbó. Wọ́n ya igbó Ògùn Òkè sọ́tọ̀ ní 1936, wọ́n ya igbó Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀ ní 1941. Ní 1952, wọ́n sọ méjèèjì di igbó ẹranko. Ní 1991, ìjọba àpapọ̀ pa wọ́n pọ̀ di ọgbà kan tí à ń pè ní Old Oyo National Park. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, ó sì bá ilẹ̀ Kwara pààlà.

Ẹ jẹ́ ká rántí èyí dáadáa, pàápàá àwa tí à ń gbé Ìlọrin. Ogun tí àwọn baba ńlá wa jà ló sọ olú-ìlú di igbó. Kò sẹ́ni tó jókòó pète pé kí ẹranko rí ibùgbé níbẹ̀. Ìjọba kàn rí ilẹ̀ tí ènìyàn kò sí lórí rẹ̀, wọ́n sì fi òfin kún un.

Nígbà tí kìnnìún jẹ́ ọ̀tá òfin

Òfin náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1900, àwọn ìjọba Yúróòpù tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní London, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ẹranko igbó Áfíríkà. Ìwé náà pín ẹranko sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Igún àti òwìwí wà nínú àwọn tí a gbọ́dọ̀ dá sí nítorí ìwúlò wọn. Ṣùgbọ́n kìnnìún, ẹkùn àti ìkookò wà nínú àwọn tí ó yẹ kí wọ́n dín kù, nítorí pé wọ́n ń pa àwọn ẹran tí òyìnbó fẹ́ fi ìbọn dẹ. Àdéhùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ délẹ̀, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ìjọba tó fọwọ́ sí i ló padà fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀, èrò inú rẹ̀ kò kú.

Ẹ fi èyí wé ojú tí Yorùbá fi ń wo ẹranko. Ọdẹ ilẹ̀ wa ń pa ẹran, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bọ Ògún. Ṣùgbọ́n ọdẹ kan náà ni yóò jókòó láti fi ìjálá ki ẹran tó ń pa, yóò sọ ìwà rẹ̀, ìrìn rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti ibi tó ń sùn. Orílẹ̀ tó ń jẹ́ Erin wà láàárín wa. Èèwọ̀ sì wà lórí àwọn igbó kan. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo jẹ́ àpẹẹrẹ tí gbogbo wa mọ̀: ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi hẹ́kítà 75 lọ, àárín ìlú ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Síbẹ̀, wọn kì í dẹ ẹran níbẹ̀, wọn kì í pa ẹja inú odò náà. Kì í ṣe pé ènìyàn kò sí nítòsí ló jẹ́ kó wà di òní. Àwọn ènìyàn tó ń bọ̀wọ̀ fún un ló pa á mọ́, kí UNESCO tó wá fi í sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005.

A ò sọ pé àwọn àgbà kò jẹ̀bi rárá. Nígbà tí ìbọn pọ̀ tí eyín erin sì di owó ńlá, èèwọ̀ kò tó láti gba erin sílẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé àwọn tó mọ ẹranko jù wà nítòsí, òfin tuntun kò sì bi wọ́n léèrè ohunkóhun.

Kainji: omi, ọgbà àti àwọn tó ṣí kúrò

Ní 1962, ìjọba Ẹkùn Àríwá dá igbó ẹranko Borgu sílẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìdídò Kainji, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1968. Omi bo Bussa àtijọ́, nǹkan bí 44,000 ènìyàn ló sì ṣí kúrò ní ilé bàbá wọn. Wọ́n kọ́ New Bussa fún àwọn kan nínú wọn. Ní 1971, wọ́n dá igbó ẹranko Zugurma sílẹ̀ ní òdìkejì adágún náà. Ní 1979, òfin pa Borgu àti Zugurma pọ̀ di Kainji Lake National Park, èyí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 5,340 kìlómítà níbùú lóròó. Apá Borgu ló tóbi jù nínú méjèèjì, ó jẹ́ 3,970.

Kwara ni gbogbo Borgu wà nígbà náà. Ní 1991, wọ́n gé New Bussa àti agbègbè rẹ̀ lọ sí Ìpínlẹ̀ Niger, Kaiama àti Baruten sì kù sí ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, ọgbà náà kì í ṣe ohun tó jìnnà sí wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin kò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Látìgbà tí wọ́n ti dá ọgbà sílẹ̀, dídẹ ẹran, dídá oko àti dída màlúù nínú rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọdẹ lánàá, tí wọ́n ń yìn ní ìlú rẹ̀, di ọ̀daràn lónìí. Òfin orílẹ̀-èdè náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní 1973, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn CITES ní Washington láti dá òwò ẹranko tó ń parẹ́ dúró, Nàìjíríà sì dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1974. Ní 1985, ìjọba ológun gbé òfin tiwa jáde. Ó pín àwọn ẹranko sí méjì, àwọn tí òwò wọn jẹ́ èèwọ̀ pátápátá àti àwọn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó lè tà wọ́n sókè òkun. Ìtanràn fún ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ mú pẹ̀lú èyí tó jẹ́ èèwọ̀ pátápátá jẹ́ ₦1,000. Owó náà wà bẹ́ẹ̀ títí di 2016, tí wọ́n fi sọ ọ́ di mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Ẹ rò ó wò: nígbà tí náírà ti rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ₦1,000 ni wọ́n ṣì fi ń dẹ́rù ba ẹni tó ń ta eyín erin.

Ní 2014, àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé èsì wọn jáde. Ibi mẹ́rin péré ni wọ́n ti rí i dájú pé kìnnìún ṣì wà. Méjì nínú mẹ́rin náà wà ní Nàìjíríà: Yankari àti Kainji. Wọ́n ṣírò pé nǹkan bí 400 ló kù ní gbogbo agbègbè náà, àwọn tó ti dàgbà kò sì tó 250. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà ní ibi tí ilẹ̀ Benin, Burkina Faso àti Niger ti pàdé. Tiwa kò tó 50 ní ọgbà kọ̀ọ̀kan.

Nepal náà bẹ̀rẹ̀ bíi tiwa

Ẹnì kan lè sọ pé ilẹ̀ tí òṣì wà kò lè ráyè ẹranko. Ẹ jẹ́ ká wo Nepal, orílẹ̀-èdè kékeré tó wà lábẹ́ òkè Himalaya. Òun náà kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ní 1973, ó ṣe òfin ọgbà àti ẹranko igbó, ó sì dá ọgbà Chitwan sílẹ̀ lọ́dún náà, níbi tí àwọn ọba rẹ̀ ti máa ń dẹ ẹran tẹ́lẹ̀. Wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò ní àfonífojì Chitwan, wọ́n sì fi ọmọ ogun ṣọ́ ọgbà. Títí débẹ̀, ìtàn wa kò yàtọ̀.

Àwọn ọdún 1990 ni ọ̀nà ti pín. Láti 1996, Nepal ní ìlànà kan pé nǹkan bí ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọlé fún ọgbà gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn abúlé tó yí i ká. Abúlé fúnra rẹ̀ ló ń yan ìgbìmọ̀ tí yóò bójú tó owó àti igbó ẹ̀bá ọgbà. Ní 2009, táígà 121 ni wọ́n kà ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ní 2022, wọ́n ti di 355. Wọ́n ka àgbáǹréré 752 ní 2021. Kò rọrùn fún wọn o. Táígà tó pọ̀ ti pa ènìyàn, ìjà sì ṣì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

Igbó kì í ṣófo

Tiwa ńkọ́? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Nuhu Ribadu, olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ààbò, kéde pé ọwọ́ ti tẹ àwọn olórí agbésùnmọ̀mí kan. Ó sọ pé agbègbè ọgbà Kainji ni ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà fi ṣe ibùba. Ìròyìn nípa Kaiama àti Baruten tó ń dé etí wa ní Ìlọrin kì í ṣe ti kìnnìún mọ́. Ti ìbọn ni, ti ìjínigbé ni, ti àwọn tó ń sá wá sí ìlú ni.

Ibí ni ìtàn náà mú wa dé. Igbó tí a lé ènìyàn kúrò nínú rẹ̀ kì í ṣófo. Bí ẹni tó ni ilẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, tí aṣọ́gbó kò sì tó nǹkan, ẹlòmíràn yóò wọlé. Ọdẹ àtijọ́ ní ojú tó lè mọ ẹsẹ̀ àjèjì lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n òfin sọ ọ́ di ọ̀tá igbó, kò tún rí ìdí tó fi yẹ kó bá ìjọba ṣọ́ ọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin tuntun tó mú ìyà àwọn tó ń ṣòwò ẹranko le sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ₦1,000 àná jẹ́ ìtìjú. Ṣùgbọ́n ìyà nìkan kò lè sọ ará abúlé di olùṣọ́. Ohun tó lè ṣe é ni pé kó ní ìpín nínú ohun tó ń ṣọ́.

Ní tiwa tí à ń kọ́ Yorùbá, iṣẹ́ kan wà lọ́rùn wa. Nígbà tí Adébóyè Babalọlá gbé ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966, àwọn ọdẹ tó mọ ẹranko nínú igbó ṣì pọ̀. Àwọn tó kù lónìí ti darúgbó. Bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi yìí, tí ọdẹ àgbà bá wà ní àdúgbò yín, ẹ má ṣe bi í ní oríkì nìkan. Ẹ béèrè ibi tó ti rí ẹran náà, ọdún tó rí i kẹ́yìn, àti ẹran tí wọn kì í pa ní ìlú rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ fi ránṣẹ́ síbí.

A padà sí yàrá wa ní Fate, a sì parí oríkì ẹfọ̀n. Gbogbo wa ló yege ìdánwò náà. Síbẹ̀, ìbéèrè ọ̀rẹ́ wa kò tíì ní ìdáhùn.