Ọ̀sẹ̀ Márùn-ún tí Ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ajah Fi Sinmi

Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2020, òfin kónílé-ó-gbélé tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde nítorí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó àti ìlú Àbújá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òpópónà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, tí gbogbo èrò mọ̀ mọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Phase 1 títí dé Ajah, dá páropáro.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ọ̀rọ̀ èéfín lójú ọ̀nà yẹn. Ìwádìí Báńkì Àgbáyé fi hàn pé ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ ṣokùnfà ikú àìtọ́jọ́ ènìyàn bí 11,200 ní Èkó lọ́dún 2018 nìkan, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Èérún èéfín tó kéré débi pé ó ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí nígbà náà. Ohun mẹ́ta ni ìwádìí náà nàka sí gan-an: ọkọ̀, ilé iṣẹ́ ńláńlá àti jẹnẹrétọ̀.

Ní òkè òkun, àyípadà náà hàn kedere. Lẹ́yìn tí ìjọba Ṣáínà ti ìlú Wuhan pa ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwòrán láti ojú sátẹ́láìtì fi hàn pé èéfín ọkọ̀ àti ti ilé iṣẹ́ dínkù gidigidi. Ní oṣù Kẹrin, àwọn ará Jalandhar ní Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí rí òkè Himalaya láti orí òrùlé ilé wọn.

Ti Lẹ́kkí àti Ajah ní ọ̀nà mìíràn nínú. Ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kò dúró. Ẹni tí ó máa ń lo iná ọ́fíìsì láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ wá jókòó sílé, níbi tí iná ìjọba kì í ti í dúró, ẹ̀rọ tirẹ̀ àti ti aládùúgbò rẹ̀ sì ń tú èéfín sí ojú fèrèsé. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àsìkò ọyẹ́ ti kọjá, òjò sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí fọ eruku ojú ọ̀run. Kì í ṣe òfin nìkan ló yẹ kí a fún ní ìyìn afẹ́fẹ́ tó mọ́ nígbà náà.

Owó ìmọ́tótó yẹn wọ́n púpọ̀. Ọjà oúnjẹ kò gbọdọ̀ ṣí ju aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán lọ, lọ́jọ́ méjì-méjì. Awakọ̀ dáńfó, alágbàṣe àti oníṣòwò kékeré tí ohun tí wọ́n bá rí lónìí ni wọ́n ń jẹ lónìí, ni ebi kọ́kọ́ bá. Nígbà tí ìjọba dẹ òfin náà ní ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, kò sí ẹni tó lè bẹ̀bẹ̀ pé kí ó pẹ́ sí i. Ọkọ̀ padà, èéfín padà.

Iye ènìyàn tí ìjọba kọ sílẹ̀ pé kòrónà pa ní gbogbo Nàìjíríà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lé díẹ̀ ní 3,100. Ẹ fi wé 11,200 ti Èkó nìkan láàárín ọdún kan. Nítorí ti àkọ́kọ́, gbogbo ìlú ti ìlẹ̀kùn. Ti èkejì kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni ti ìlẹ̀kùn: iná tí kì í lọ, epo tí kò kún fún imí-ọjọ́ àti bọ́ọ̀sì ńlá tó pọ̀ tó ni ó ń béèrè. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn fi hàn pé ìlú lè dá èéfín ojú ọ̀nà dúró ní òru ọjọ́ kan. Èyí tó kù ni kí ó dá a dúró láì fi ebi pa ẹnikẹ́ni.