ỌRẸ ÀTINÚWÁ: BÍ ÀWỌN BABA WA TI KỌ́ LÁTI GBÉ ÌJỌ ỌLỌ́RUN RÓ

Nígbà tí ilé ìsìn kan bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó yẹ kí a bèèrè ohun tí ó gbé e ró títí di òní. Òkúta àti pákó kì í rìn wá fúnra wọn. Ẹnìkan ni ó rà wọ́n, ẹnìkan ni ó sì rù wọ́n. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ díẹ̀ nínú ìtàn ọrẹ ní ilẹ̀ Yorùbá, kí a lè mọ ohun tí ń gbé ọrẹ ga àti ohun tí ń bà á jẹ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther wọ Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá tí ó ti Sàró padà wálé ti ń retí wọn. Ní ọjọ́ wọnnì, láti òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ náà ti ń wá, láti ọwọ́ Ẹgbẹ́ C.M.S. Ṣùgbọ́n Henry Venn, tí ó jẹ́ akọ̀wé Ẹgbẹ́ náà láti ọdún 1841 títí di 1872, rí i pé ìjọ tí ẹlòmíràn ń bọ́ kò lè dàgbà. Ó kọ́ni pé kí ìjọ ọmọ ìbílẹ̀ máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣe àkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan Ìhìnrere kálẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí èkíní ni àwọn ìyókù dúró lé, nítorí ẹni tí ń bọ́ ni, òun náà ni í pàṣẹ fún ni.

Ọ̀nà tí a gbà ṣe é ni owó kíláàsì. A pín àwọn ọmọ ìjọ sí kíláàsì, a sì fi olórí kan ṣe olùtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olórí náà a máa bẹ aláìsàn wò, a máa gba ẹni tí ó ń fà sẹ́yìn níyànjú, a sì máa gba owó. Nípa irú ìdáwó bẹ́ẹ̀ ni a fi dá ìjọ tí ó wà lábẹ́ àwọn àlùfáà ọmọ ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní Sàró ní ọdún 1861, Èkó náà sì tẹ̀lé e kí ọdún 1880 tó dé. Ní àwọn ìlú òkè, owó ẹyọ ni a ń ná. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹgbàá mẹ́wàá, èyíinì ni 20,000 ẹyọ, ẹrù ọkùnrin kan ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ọrẹ ńlá wá sílé Ọlọ́run nígbà náà ní láti wá alárù!

Ìdánwò dé ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, nígbà tí a fọ́ àwọn ilé ìsìn ní Abẹ́òkúta, tí àwọn òyìnbó oníwàásù sì ní láti kúrò nílùú. Ìfọ́lé ni a ń pe ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sá lọ sí Èkó, wọ́n sì tẹ̀dó sí Èbúté Mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìjọ kò kú. Àwọn tí ó kù nílé àti àwọn àlùfáà tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n gbé e dúró.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Ní ọdún 1877 ni Àlùfáà James Johnson dé Abẹ́òkúta láti máa bójú tó iṣẹ́ náà. Ènìyàn mímọ́ ni, ó sì ń fẹ́ kí ìjọ dá dúró kánkán. Ó mú ọ̀rọ̀ owó kíláàsì le, ó sì mú ọ̀rọ̀ ẹrú níní le pẹ̀lú. Ìkùnsínú dìde láàrín ìjọ, nígbà tí ó sì di ọdún 1880, a ti mú un kúrò níbẹ̀. Ohun tí ó ń wá kì í ṣe ibi, nítorí ìjọ tí kò dáwó kò lè ní àlùfáà. Ṣùgbọ́n àṣẹ lè ṣí àpò ènìyàn, kò lè ṣí ọkàn rẹ̀. Ohun tí a fi ipá gbà, owó orí ni, kì í ṣe ọrẹ.

Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù mọ èyí. Ní orí kẹjọ àti ìkẹsàn-án Ìwé Kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ó ń gba owó fún àwọn ẹni mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù, síbẹ̀ kò pàṣẹ. Àpẹẹrẹ àwọn ará Makedóníà ni ó fi hàn wọ́n, àwọn tí wọ́n jẹ́ òtòṣì tí wọ́n sì fúnni ju agbára wọn lọ, nítorí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ara wọn fún Olúwa. Ó sì yan àwọn ará tí a jẹ́rìí wọn láti bá Títù lọ nípa owó náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ara wa. Nígbà tí a bá ń pe orúkọ olówó sókè tí gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́, kí ni opó tí ó ní ìdá owó méjì péré yóò ṣe? Ìjókòó ẹ̀yìn ni yóò wá, bẹ́ẹ̀ ni òun ni Olúwa wa yìn ní orí kejìlá Ìhìnrere Máàkù. Kí á má ṣe dójú ti aláìní, kí olówó má sì fi ọrẹ ra àṣẹ nínú ìjọ. Kí àwọn tí ń tọ́jú owó máa ṣí ìwé wọn sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, nítorí ibi tí a bá ti rí òtítọ́ ni ọwọ́ ti í yá láti fúnni.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1925 ni a fi ìpìlẹ̀ Kàtídírà Kristi lélẹ̀ ní Marina, Èkó. Ọdún 1946 ni a tó parí rẹ̀. Kò sí àní-àní pé ọ̀pọ̀ tí ó dáwó ní ìbẹ̀rẹ̀ kò fi ojú rí òpin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún àwọn tí ó kọ́ ilé tí a jókòó sí lónìí. Wọn kò mọ orúkọ wa, ṣùgbọ́n wọ́n fúnni nítorí wa. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí àwa náà fi ọkàn ìfẹ́ fúnni nítorí àwọn tí a kì yóò mọ̀, kí Ọlọ́run àwọn baba wa sì gbà á lọ́wọ́ wa. Àmín.