Láti Ọ̀fun dé Ọ̀fun: Ìtàn Ìbọn Ọ̀dà Alátẹ́gùn

Gbogbo wa la ti rí àgbàlagbà tó bu ọtí sẹ́nu, tó sì fín in sí ojúbọ tàbí sí ẹnu ọ̀nà ilé. Kò fi igbá dà á, kò sì fi ọwọ́ wọ́n ọn. Èémí ara rẹ̀ ló fi tú ọtí náà ká, títí ó fi dà bí ìrì tó kúnná, tó sì bo ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà, fín, ni a ń lò fún iṣẹ́ ìbọn ọ̀dà, èyí tí àwọn akunlé àti àwọn tó ń kun ọkọ̀ nílẹ̀ wa mọ̀ sí pistolet. Èdè wa kò ṣìnà. Ohun tí ẹnu àgbà ń ṣe ni irin náà ń ṣe.

Ohun tó mú wa kọ àròkọ yìí ni pé ìbọn ọ̀dà kì í ṣe ohun èlò ilé iṣẹ́ ńlá nìkan mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nínú ẹgbẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ dáwó ra ọ̀kan tí kò wọ́n lọ́jà, wọ́n yá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń lẹ táyà, wọ́n sì fi kun àga, àpótí àti àwọn ère onígi tí wọ́n gbẹ́ fún àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ tí búrọ́ọ̀ṣì ìbá fi ọjọ́ méjì ṣe, òwúrọ̀ kan péré ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n fèrèsé kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá tí wọ́n ti ṣe é. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, méjì nínú wọn ń wúkọ́, itọ́ tí wọ́n ń tu sì ní àwọ̀ búlúù nínú. Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún wọn. Àwa tó yẹ kí a máa tọ́ wọn sọ́nà ni a kò mọ ìtàn ohun tí a fi lé wọn lọ́wọ́. A wádìí rẹ̀ lẹ́yìn náà, a sì rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìbọn ọ̀dà ti ń bá ọ̀fun ọmọ ènìyàn ṣe.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi èémí kun nǹkan kò ní irin lọ́wọ́. Ní erékùṣù Sulawesi, ní ilẹ̀ Indonéṣíà, àwòrán ọwọ́ ènìyàn wà lára ihò àpáta kan, tí àwọn onímọ̀ kéde ní ọdún 2014 pé ó ti lé ní ọdún 39,000. Ẹni tó ṣe é gbé ọwọ́ lé àpáta, ó fín ọ̀dà yí i ká, nígbà tó sì gbé ọwọ́ kúrò, ojú ibi tí ọwọ́ wà kù síbẹ̀. Ní ihò Pech Merle, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, irú àwòrán ọwọ́ bẹ́ẹ̀ yí ẹṣin méjì alámì tótòtó ká. Onímọ̀ ìtàn àtijọ́ kan, Michel Lorblanchet, fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ya àwọn ẹṣin náà. Ó jẹ èédú lẹ́nu, ó fi itọ́ pò ó, ó sì ń tu ú sára àpáta díẹ̀díẹ̀ títí irú àwòrán náà fi jáde. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún wa. Èkíní ni pé ọ̀dà tí a fín kì í ní ipa búrọ́ọ̀ṣì lára. Èkejì ni pé ẹni tó bá ń fín ọ̀dà, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́.

Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun èlò rọ́pò ẹnu, ọ̀fun náà ni ọ̀kan pàtàkì nínú wọn wà fún. Ní ìlú Toledo, ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, dókítà kan wà tí ń jẹ́ Allen DeVilbiss, tó ń tọ́jú àrùn imú àti ọ̀fun. Ní àwọn ọdún 1880, ó ṣe ohun èlò kékeré kan tó ní ìgò oògùn, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ àti bọ́ọ̀lù rọ́bà tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀. Bí ó bá tẹ bọ́ọ̀lù náà, afẹ́fẹ́ á sáré kọjá lẹ́nu ọ̀pá, á fa oògùn sókè láti inú ìgò, á sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kí ó lè dé kọ̀rọ̀ ọ̀fun tí òwú kò lè dé. Irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ni ìbọn ọ̀dà ti wá. Kí ó tó fín ọ̀dà, oògùn ọ̀fun ló ń fín.

Ní sáà yẹn kan náà, ọ̀dà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọdún 1887, ní ìlú Chicago, Joseph Binks ló ń bójú tó àtúnṣe ilé ìtajà ńlá Marshall Field. Ògiri yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó pọ̀ jaburata ló ní láti kùn ní funfun. Dípò kí ó wá ọ̀pọ̀ akunlé, ó ṣe ẹ̀rọ kan tí a ń fi ọwọ́ fún afẹ́fẹ́ sí, ó so ọ̀pá gígùn mọ́ ọn, ó sì ń fín ọ̀dà olómi sára ògiri.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìlú Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í múra fún àfihàn àgbáyé ti ọdún 1893. Wọ́n kọ́ àwọn ilé ràgàjì sí etí odò ńlá Michigan. Ọjọ́ ń lọ, búrọ́ọ̀ṣì kò sì lè bá a. Francis Davis Millet, ayàwòrán tí wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ ọ̀dà, kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n sì fi okùn rọ́bà àti ọ̀pá irin fín òróró tí a pò mọ́ òjé funfun sára àwọn ilé náà. Gbogbo rẹ̀ funfun báláú, èyí tó jẹ́ kí wọ́n máa pe ibẹ̀ ní Ìlú Funfun. Nígbà tí àfihàn náà ṣí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn wá wò ó.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti kan ilẹ̀ wa. Lẹ́bàá Ìlú Funfun, ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Midway, wọ́n kọ́ àbúlé kan tí wọ́n sọ lórúkọ Dàhómì. Ará Faransé kan, Xavier Pené, ló kó àwọn ọkùnrin àti obìnrin Áfíríkà lọ síbẹ̀, kí àwọn èrò lè máa sanwó láti wò wọ́n. Àwọn ọmọ ogun Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Àbómì ní oṣù kọkànlá ọdún 1892 ni. Ìlú Kétu, tí ogun Dàhómì ti parun ní ọdún 1886, kò tíì jí dìde dáadáa. Frederick Douglass, tó ti jẹ́ ẹrú rí, tó sì wà ní Chicago gẹ́gẹ́ bí aṣojú orílẹ̀-èdè Haiti, fi ẹ̀dùn ọkàn kọ̀wé pé ńṣe ni wọ́n kó àwọn ará Dàhómì wá láti fi dójú ti ènìyàn dúdú. A kò sọ pé ìbọn ọ̀dà ló bí ìwà yìí. Ohun tí a ń sọ ni pé ojú ilé nìkan ni funfun náà bò. Àwọn ilé tó dà bí òkúta iyebíye wọ̀nyẹn, ẹfun tí wọ́n pò mọ́ okùn ni wọ́n fi rẹ́ wọn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1894, iná ti jó púpọ̀ nínú wọn.

Ewu mìíràn wà nínú funfun náà, èyí tí ojú kò rí. Òjé funfun, tí àwọn Faransé ń pè ní céruse, májèlé ni. Bí a bá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, ó ń ba ara jẹ́. Bí a bá wá fín in, ó di ìkùukùu tí èémí ń gbé lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 1909, ìjọba Faransé ṣe òfin láti lé e kúrò nínú iṣẹ́ kíkun ilé. Ní ọdún 1921, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe àdéhùn kan ní Geneva láti dín lílò rẹ̀ kù. Àdéhùn náà kò fẹ́ kí wọ́n fi ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 18 sẹ́nu iṣẹ́ òjé funfun. Ó tún dárúkọ fífín ọ̀dà ní pàtó, ó ní kí a wá ọ̀nà dènà ewu rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tí àwọn aṣòfin ti mọ ohun tí àwa olùkọ́ kò rántí lọ́jọ́ tí a ti àwọn ọmọ mọ́nú yàrá onífèrèsé kan.

Ìbọn náà gan-an dé ní ọdún 1907. Thomas DeVilbiss, ọmọ dókítà Toledo, ló sọ ohun èlò ọ̀fun bàbá rẹ̀ di ohun èlò tí a fi ń fín ọ̀dà. Àwọn oníṣẹ́ àga kọ́kọ́ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ sì tẹ̀ lé wọn. Ní ìgbà náà, ọ̀dà ọkọ̀ kan lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó gbẹ tán. Ní ọdún 1923, ilé iṣẹ́ DuPont mú ọ̀dà tuntun kan jáde, Duco, tó ń gbẹ kíákíá débi pé búrọ́ọ̀ṣì kò rí àyè tẹ́ ẹ dáadáa. Ìbọn nìkan ló lè yára tó o. Láti ìgbà náà ni ọ̀dà ọkọ̀ àti ìbọn ti di ọkọ àti aya. Ní ọdún 1949, Edward Seymour, ní Sycamore, ìpínlẹ̀ Illinois, kó ọ̀dà àti afẹ́fẹ́ sínú agolo kan ṣoṣo tí a ń fi ìka tẹ̀ lórí. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ọ̀gá oníṣẹ́ nìkan ń ṣe ṣe bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Ìbọn olówó pọ́ọ́kú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa rà, àrọ́mọdọ́mọ gbogbo ìwọ̀nyí ni. Ife ọ̀dà wà lórí rẹ̀, abẹ́rẹ́ irin sì dí ihò ẹnu rẹ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ. Bí a bá fà á díẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde. Bí a bá fà á tán, abẹ́rẹ́ á sún sẹ́yìn, ọ̀dà á sì bá afẹ́fẹ́ jáde. Àléébù rẹ̀ pọ̀ jù lọ níbi afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kì í lè pèsè afẹ́fẹ́ tó ìbọn náà lò, agbára rẹ̀ á rẹ̀, ọ̀dà á sì máa ta tòò-tòò bí èèpo ọsàn. Àwọn ọmọ á wá fi kún agbára afẹ́fẹ́, ìkùukùu á sì pọ̀ sí i. Irú ìbọn àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lè fi ohun tó ju ìdajì ọ̀dà ṣòfò sínú afẹ́fẹ́. Nítorí èyí ni àwọn aláṣẹ agbègbè Los Angeles fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún ìbọn tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ rọ̀, èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ń dé ara iṣẹ́ ní ìwọ̀n 65 nínú 100 ó kéré tán. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ń le koko.

Ẹ̀sọ̀ náà kò ṣòro. Kí a po ọ̀dà títí yóò fi ṣàn bí wàrà, kí a sì fi aṣọ títẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́ ẹ. Kí ẹnu ìbọn jìnnà sí igi tó ìwọ̀n 20 sẹ̀ǹtímítà. Kí ọwọ́ ti máa lọ kí a tó fà á, kí ìlà kan sì bo ìdajì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Kí a fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta dípò kí a fín in nípọn lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ máa sinmi. Kí iná jìnnà, nítorí ìkùukùu ọ̀dà lè gbiná. Ọ̀dà ọkọ̀ tí a ń po mọ́ oògùn tó ń mú un le kì í ṣe ti ọmọdé rárá, nítorí ó lè fa ikọ́ fée tí kì í lọ mọ́.

Ní Kétu àti àyíká rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọ̀ kì í ṣe eré. Igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ìṣe rẹ̀ ní ogún gbogbo ayé ní ọdún 2001, máa ń gba ọ̀dà tuntun bí àkókò ijó bá dé. Ẹfun, osùn àti aró ni wọ́n ń lò nígbà kan rí, lẹ́yìn náà ni ọ̀dà inú agolo dé. Àwọn agbẹ́gilére gba ọ̀dà tuntun náà, ère kò sì sọ orúkọ rẹ̀ nù. Nítorí náà, a kò rí ìdí tí a ó fi máa bẹ̀rù ìbọn. Ṣùgbọ́n ìbọn kò mọ ilà ojú, kò sì mọ bátànì gèlè. Ó lè fi àwọ̀ ìpìlẹ̀ bo igi. Ojú, ẹnu àti ilà, ọwọ́ tó di búrọ́ọ̀ṣì mú ṣinṣin ló ń fún wọn ní ẹ̀mí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ìbọn ṣe ohun gbogbo yóò yára parí ère tí kò lójú.

Ìdí nìyẹn tí a kò fi gba ìbọn náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Abẹ́ igi máńgò ni wọ́n ti ń lò ó báyìí, atẹ́gùn á máa fẹ́ láti ẹ̀yìn wọn, búrọ́ọ̀ṣì á sì wà nílẹ̀ fún ojú ère. A tún ra ìbòmú tó ní èédú nínú, nítorí ìbòmú eruku lásán kò lè dá òórùn ọ̀dà dúró. Ọ̀kan nínú wọn bi wá léèrè ìdí tí ìbòmú fi wọ́n ju ìbọn lọ. A sọ ìtàn dókítà Toledo fún un. Ohun èlò tí wọ́n ṣe láti gbé oògùn wọ ọ̀fun, àwa la sọ ọ́ di ohun tó lè gbé májèlé wọ̀ ọ́. Owó ìbòmú ni owó ìrìn àjò láti èkíní sí èkejì.