Abọ́ Àwọn Ìyá Wa



Nígbà èwe wa, abọ́ ilé ni àwọn ìyá wa fi ń rán wa lọ ra oúnjẹ. A ó gbé abọ́ tánganran lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́wà, a ó gbé kúlà lọ sọ́dọ̀ alámàlà. Ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Bí abọ́ bá sì fẹ̀, ènì a máa ráyè wọ̀ ọ́.

Nígbà tí abọ́ fóòmù funfun dé, ẹni tó gbé abọ́ ilé dání wá dà bíi tálákà lójú wa. Ṣùgbọ́n fóòmù náà dí gọ́tà Èkó, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì fòfin dè é ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ilẹ̀ England ti fòfin de tiwọn láti oṣù kẹwàá ọdún 2023.

Kí ló wá ń tì wá lójú? Àwa nọ́ọ̀sì bẹ̀ yín: ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ abọ́ yín, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kó ní ìdérí, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi olóúnjẹ bóyá yóò gbà á. Bí ọmọ bá bèèrè ìdí rẹ̀, ẹ sọ fún un pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà la ti kọ́ ọ.