Ojú Kan Di Méjì

Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Kò yani lẹ́nu, nígbà tí kámẹ́rà dé ilẹ̀ Yorùbá, pé àwòrán ojú ènìyàn ni wọ́n fẹ́ràn jù láti yà. Ní Èkó, George Da Costa fi iṣẹ́ ilé ìtàwé CMS sílẹ̀ ní 1895, ó sọ fọ́tò yíyà di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, onífọ́tò kárí ìlú.

Ẹ̀yin òǹkàwé mọ irú fọ́tò tí mo ń wí, dúdú àti funfun, nínú férémù lára ògiri: Bàbá jókòó, agbádá tẹ́ rẹrẹ, ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, kò rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní ẹ̀rù ẹ̀rọ ni ó ń bà á. Èmi kò gbà. Bí ère ni ó ṣe jókòó. Iyì ni ó fẹ́ kí ọmọ-ọmọ òun rí.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ̀ mí lára jù ni fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí a gbẹ́ ère fún un, wọn a máa wẹ̀ ẹ́, wọn a máa bọ́ ọ. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ àti Ìmàle gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí kò fẹ́ ère nínú ilé mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó lọ kò kúrò lọ́kàn ìyá. Ọ̀dọ̀ onífọ́tò ni àwọn kan yà sí. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí iṣẹ́ yìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975. Onífọ́tò a ya èyí tí ó wà láàyè. Bí ó bá wọ iyàrá òkùnkùn tí ó ti ń fọ fọ́tò, a tẹ ojú ọmọ náà sí apá kan pépà, a sì tún un tẹ̀ sí apá kejì. Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó pọ̀, a kò sì gbọdọ̀ rí ojú àpá láàárín wọn. Bí èyí tí ó kú bá jẹ́ ọkùnrin, tí èyí tí ó kù jẹ́ obìnrin, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún un, wọn a tún un yà. Sprague tilẹ̀ rí ti ìbẹta tí ọkùnrin méjì ti kú nínú wọn: ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó jókòó fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ère kì í jọ ọmọ tí ó kú. Bí àgbàlagbà ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Fọ́tò ni ó jẹ́ kí òkú máa dàgbà pẹ̀lú ìkejì rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni fọ́tò dúdú àti funfun. Iná pupa kì í ba pépà rẹ̀ jẹ́, nítorí náà onífọ́tò ń fi ojú ara rẹ̀ rí i bí ènìyàn ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú omi. Pépà aláwọ̀ kò gba irú iná bẹ́ẹ̀. Nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ gbòde, ó di kí á máa kó fíìmù lọ bá ẹ̀rọ ní ìlú ńlá, ẹ̀rọ kò sì mọ ìbejì. N kò bá àwọ̀ jà o. Ta ni yóò fẹ́ wo aláàárì láìsí pupa rẹ̀? Ṣùgbọ́n àwọn fọ́tò ìbejì ìgbà náà ṣì wà nínú férémù wọn, ẹni tí kò bá sì mọ ìdílé náà kò lè sọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó lọ.