Ta Ló Kọ Ìwé Irọ́ Náà?

Ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 1839, ọkọ̀ onígbòkun kan tó ń jẹ́ La Amistad gbéra ní Havana, ó forí lé Puerto Príncipe ní Cuba kan náà. Ènìyàn 53 tí wọ́n jí kó ní Áfíríkà ló wà nínú rẹ̀, ọmọdé 4 sì wà lára wọn. Ọmọ ilẹ̀ Mende, ní Sierra Leone òde òní, ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. José Ruiz àti Pedro Montes tó rà wọ́n ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba Cuba. Ìwé náà sọ pé ẹrú tó ti pẹ́ ní erékùṣù náà ni gbogbo wọn, ó sì fún kálukú lórúkọ Sípéènì. Irọ́ pátápátá ni. Kò tíì pẹ́ rárá tí wọ́n kó wọn dé, bẹ́ẹ̀ Sípéènì fúnra rẹ̀ ti fòfin de kíkó ẹrú wọ Cuba láti ọdún 1820. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan lójú òkun, Sengbe Pieh, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n jí kó náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ já ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Wọ́n rí àdá tí wọ́n fi ń gé ìrèké nínú ẹrù ọkọ̀, wọ́n sì pa ọ̀gákọ̀ àti alásè. Wọ́n dá Ruiz àti Montes sí kí wọ́n lè tukọ̀ padà sí Áfíríkà. Lọ́sàn-án, wọ́n á dorí ọkọ̀ kọ ìlà oòrùn; tí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn méjèèjì á rọra darí rẹ̀ sí àríwá, títí ọkọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà fi mú wọn nítòsí Long Island lóṣù Kẹjọ. Ẹ̀sùn ìpànìyàn àti ìjalè ojú òkun ni wọ́n fi tì wọ́n mọ́lé.

Èrò tèmi ni pé àánú nìkan kò lè yọ wọ́n. Ohun tó yọ wọ́n ni pé ilé ẹjọ́ gbà láti wádìí bí wọ́n ṣe dé inú ọkọ̀ náà àti ẹni tó kọ ìwé tó ń pè wọ́n lẹ́rú. Ìwádìí yẹn kò sì lè wáyé láìsí ẹni tó gbọ́ èdè wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Josiah Gibbs ti Yale kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá ní Mende lẹ́nu àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà. Ó lọ sí èbúté New York, ó ń kà á sókè létí àwọn atukọ̀, títí ẹnì kan fi dá a lóhùn. James Covey ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tó wá ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Covey túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn, ìwé Ruiz kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ọmọ kékeré tí kò gbọ́ ju èdè Mende lọ, báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́ ẹrú àtọdúnmọ́dún ní Cuba? Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 1841, lẹ́yìn tí John Quincy Adams, ààrẹ àtijọ́, ti rojọ́ fún wọn, Adájọ́ Joseph Story ka ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà: ẹni tí wọ́n jí gbé ni wọ́n, wọn kì í ṣe olè ojú òkun.

Ẹnì kan lè sọ pé mo ń gbé ẹjọ́ náà ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sùn ìpànìyàn ti kúrò nílẹ̀ láti ọdún 1839, nítorí adájọ́ ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ Sípéènì lójú agbami kò kan ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà. Àríyànjiyàn lórí ẹrù àti àdéhùn ìlú sí ìlú ló kù. Antonio, ẹrú ọ̀gákọ̀ tí wọ́n pa, wà nínú ọkọ̀ kan náà, àmọ́ ìwé tirẹ̀ kì í ṣe ayédèrú, ilé ẹjọ́ sì ní kí wọ́n dá a padà fún àwọn tó ni ín. Sísá ló sá lọ sí Kánádà. Òfin ọjọ́ yẹn kò kórìíra ẹrú níní. Jìbìtì inú ìwé ló kórìíra. Síbẹ̀, ó fìdí ohun kan múlẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ẹ̀ṣẹ̀ irọ́ inú ìwé kò sí lọ́rùn ẹni tí wọ́n kọ orúkọ irọ́ fún.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 167, wọ́n gbàgbé èyí ní Dover, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin Nàìjíríà kan, tó ṣeé ṣe kó má tíì pé ọdún 18, fẹ́ kọjá sí Faransé, wọ́n sì bá ayédèrú ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé yẹn gan-an ni wọ́n fi dá a lẹ́bi, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù 8. Àwọn àmì pé wọ́n ti fi í ṣòwò aṣẹ́wó wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ agbẹjọ́rò ìjọba kò béèrè, agbẹjọ́rò tirẹ̀ pàápàá kò béèrè. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà lọ́dún 2008, nítorí kò rí ìgbẹ́jọ́ òdodo gbà.

Ọdún 2015 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ààbò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ di òfin, ní abala 45 nínú Modern Slavery Act: àgbàlagbà tí wọ́n fi ipá mú dẹ́ṣẹ̀ nítorí wọ́n ń lò ó bí ẹrú lè fi ìyẹn gbèjà ara rẹ̀, ọmọdé kò tilẹ̀ nílò láti sọ pé wọ́n fipá mú òun. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọ̀daràn á máa sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ìbẹ̀rù náà nídìí, àmọ́ òfin ti dáhùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ: ó ka ẹ̀ṣẹ̀ tó lé ní 100 sílẹ̀ tí abala 45 kò lè bò. Ìpànìyàn wà níbẹ̀, ìjalè ojú òkun wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ní Lọ́ńdọ̀nù òde òní ni wọ́n ti pe Sengbe Pieh lẹ́jọ́, abala 45 kò ní ṣí ilẹ̀kùn fún un rárá. Àfi kó sọ pé ara òun lòun ń gbà là, tàbí kí ìjọba fúnra rẹ̀ yàn láti má pè é lẹ́jọ́. N kò sọ pé kí ìpànìyàn di ohun ọ̀fẹ́. Bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe tóbi tó kọ́ ló yẹ kó pinnu bóyá a ó béèrè bí ẹni náà ṣe débẹ̀. Lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bi lórí àwọn ọmọkùnrin Vietnam méjì tí wọ́n mú lọ́dún 2009 lórí ọ̀ràn àwọn ilé tí wọ́n ti ń gbin igbó. Àwọn méjèèjì ti gbà pé àwọn jẹ̀bi. Ilé ẹjọ́ ní gbígbà yẹn kò tán ọ̀ràn náà, nítorí kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ wádìí dáadáa bóyá wọ́n kó wọn débẹ̀ ni.